Bí Ẹ Bá Dé Kírétè, Ẹ Wọ Ṣọ́ọ̀ṣì

Nígbà tí ilé-ìwé bá ti pa, ọ̀pọ̀ ìdílé láti ìlú Gẹ̀ẹ́sì níbí ló máa ń wọ bàálù lọ sí Kírétè, erékùṣù tó tóbi jù lọ nínú àwọn erékùṣù ilẹ̀ Gíríìsì. Oòrùn wà níbẹ̀, omi òkun ibẹ̀ mọ́ gaara. Àwọn ọmọ á lúwẹ̀ẹ́, ìyá àti bàbá á na ẹsẹ̀ sórí iyanrìn, ọ̀sẹ̀ kan á pé, wọ́n á padà wálé. N kò sọ pé èyí burú. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ yọ ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kúrò nínú ọjọ́ etíkun, kí ẹ fi wọ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn nìkan kọ́ ni mo ń bá bọ̀. Nínú ilé-ìwé wa yìí, ọmọ Mùsùlùmí wà, ọmọ Kìrìsìtẹ́nì wà, àwọn ọmọ mìíràn sì wà tó jẹ́ pé inú ilé kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń jẹ ẹran Iléyá àti ìrẹsì Kérésì. Ìtàn àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Kírétè kan gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú Bíbélì, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Kírétè. Nínú Májẹ̀mú Tuntun, lẹ́tà kékeré kan wà tí Pọ́ọ̀lù kọ sí Títù. Orí mẹ́ta péré ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Pọ́ọ̀lù rán Títù létí ìdí tí òun fi fi í sílẹ̀ sí erékùṣù náà: kó tún ohun tó kù ṣe, kó sì yan àwọn alàgbà sí ìlú kọ̀ọ̀kan. Orí yẹn náà ni Pọ́ọ̀lù ti tún ọ̀rọ̀ àbùkù kan sọ, èyí tí ọmọ Kírétè kan fi bú àwọn ará ilé rẹ̀, pé òpùrọ́ ni wọ́n. Ó ti ń lọ sí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí kan wọ́n lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bá ẹni tó ń ta ọsàn fún yín ṣàwàdà.

Ìlú tí àwọn ará Kírétè gbà pé Títù ti ṣe bíṣọ́ọ̀bù ni Gortyn, ní ìhà gúúsù Heraklion, bí ìrìn wákàtí kan nínú ọkọ̀. Gortyn ni olú ìlú Kírétè nígbà tí àwọn ará Róòmù ń jọba. Kírétè nìkan sì kọ́ ni wọ́n ń ṣàkóso: wọ́n so ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀ Kírénè, tó wà ní Líbíà lónìí, wọ́n sì sọ méjèèjì di ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo. Símónì ará Kírénè tó bá Jésù ru àgbélébùú, ìlú yẹn ló ti wá. Ẹ fi han àwọn ọmọ lórí àwòrán ayé, kí wọ́n rí bí Áfíríkà ṣe súnmọ́ Kírétè tó, àti pé òkun tó wà láàárín wọn kì í ṣe ògiri.

Ohun tó kù nínú ṣọ́ọ̀ṣì Títù ní Gortyn kò pọ̀. Òkúta gbígbẹ́ ni wọ́n fi kọ́ ọ, ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹfà sí ìkeje. Apá ìlà-oòrùn, níbi tí pẹpẹ wà, ló ṣì dúró, òrùlé rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ bí ìdajì igbá. Ẹyẹlé ló ń gbé inú rẹ̀ báyìí. Bí ẹ bá ti dé ibẹ̀, ẹ tún rìn síwájú díẹ̀ kí ẹ rí òfin ìlú náà tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rúndún kí Títù tó débẹ̀. Ìlà kan á lọ láti ọ̀tún sí òsì, ìlà kejì á yí padà láti òsì sí ọ̀tún, bí àgbẹ̀ tó kọ ebè dé òpin oko tó sì kọ òmíràn bọ̀. Àwọn ọmọ tó ń ṣàròyé pé àmì ohùn Yorùbá ṣòroó kọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó dáadáa.

Kí ló dé tí Gortyn fi di ahoro? Ní nǹkan bí ọdún 820 sí 830, àwọn Lárúbáwá tó ti Andalúsíà wá gba erékùṣù náà. Etí òkun àríwá ni wọ́n fi ṣe olú ìlú tuntun, wọ́n sì gbẹ́ kòtò jíjìn yí i ká, irú èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní yàrà, bí èyí tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Kòtò yìí ló fún ìlú lórúkọ. Èdè Lárúbáwá pe kòtò ogun ní khandaq. Àwọn Gíríìkì sọ ọ́ di Chandax. Àwọn ará Venice tó dé lẹ́yìn wọn sọ ọ́ di Candia. Heraklion tí bàálù yín máa bà sí lónìí nìyẹn. Lọ́dún 961 ni Nikephoros Phokas, ọ̀gágun ọba Kọnsitantinópù, gbà á padà fún àwọn Kìrìsìtẹ́nì. Inú ìlú oníyàrà yìí ni wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Títù tuntun sí, wọ́n sì gbé agbárí ẹni mímọ́ náà lọ síbẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú ṣọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo yìí rí.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàlá ni àwọn ará Venice ti di ọ̀gá ní Kírétè. Kìrìsìtẹ́nì ni àwọn náà, ṣùgbọ́n Kátólíìkì ni wọ́n, àwọn ará Kírétè sì jẹ́ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì. Àwọn aláṣẹ Venice kò gbà kí bíṣọ́ọ̀bù Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì gbé lórí erékùṣù náà rárá. Ọkùnrin tó bá fẹ́ di àlùfáà ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ibòmíràn kí bíṣọ́ọ̀bù tó gbé ọwọ́ lé e lórí. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà ti Kátólíìkì ló wá jókòó sínú ṣọ́ọ̀ṣì Títù. Ó ju irinwó ọdún lọ tí ọ̀rọ̀ fi rí báyìí.

Lẹ́yìn náà ni àwọn Tọ́kì Ótómánì dé. Wọ́n dó ti Candia láti 1648 títí di 1669, ọdún mọ́kànlélógún gbáko, ọ̀kan lára ìdótì tó pẹ́ jù lọ tí ayé tíì gbọ́. Nígbà tí ìlú ṣubú, wọ́n fún àwọn ará Venice láàyè láti kó ẹrù wọn lọ. Agbárí Títù wà lára ẹrù tí wọ́n kó. Ìlú Venice ló wà títí di ọdún 1966, nígbà tí wọ́n dá a padà. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ní Heraklion ló wà báyìí, ẹ ó sì rí àwọn èèyàn tí wọ́n tò láti fẹnu kàn án. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka ìròyìn nípa àwọn ère idẹ Benin, ẹ mọ ìdí tí mo fi ya díẹ̀ síbí. Ohun tí ẹnìkan kó lọ nítorí ogun, bí ó bá tó ọ̀ọ́dúnrún ọdún, ó ṣì lè padà wálé.

Àwọn Ótómánì sọ ṣọ́ọ̀ṣì náà di mọ́ṣáláṣí, wọ́n sì pè é ní Mọ́ṣáláṣí Vezir, nítorí olórí àwọn ìjòyè ọba wọn ló kó ogun wọ ìlú. Ó wà bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi mì tìtì lọ́dún 1856, tí ilé náà sì wó lulẹ̀. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí nìyí: ilé tí ẹ máa bá níbẹ̀ lónìí kì í ṣe ti ìgbà Nikephoros, kì í sì í ṣe ti Venice. Mọ́ṣáláṣí ni wọ́n kọ́ ọ, wọ́n parí rẹ̀ ní 1872. Athanasios Mousis ló ya àwòrán rẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì ni, òun náà ló sì ya àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Ẹni Mímọ́ Minas tí a máa dé láìpẹ́. Ọwọ́ kan náà ló ṣiṣẹ́ fún Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Ẹ wo ojú fèrèsé rẹ̀ àti ọ̀nà tí òrùlé gbà yípo, ẹ ó rí i pé kò jọ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì yòókù. Ní nǹkan bí 1925 ni wọ́n sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ti wó ilé gogoro tí ládàánì fi ń pèrun.

Àwọn tó ń kírun níbẹ̀ wá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ wọn ni mo fẹ́ kí a jókòó tì.

Nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ "Tọ́kì" nínú ìtàn Kírétè, wọ́n rò pé àlejò tó ti ibòmíràn wá ni gbogbo wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ onílẹ̀ tí bàbá ńlá wọn gba Ìsìláàmù ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn Mùsùlùmí Kírétè. Èdè Gíríìkì ni wọ́n ń sọ nílé. Wọ́n ń kọrin Kírétè, wọ́n ń jẹ oúnjẹ Kírétè, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì gbọ́ Tọ́kì tó fi lè ra iyọ̀ lọ́jà. Lọ́dún 1923, lẹ́yìn ogun láàárín Gíríìsì àti Tọ́kì, àwọn ìjọba méjèèjì fọwọ́ sí ìwé kan ní ìlú Lausanne pé kí wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀ èèyàn: Kìrìsìtẹ́nì Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì tó wà ní Tọ́kì, kó máa lọ sí Gíríìsì, Mùsùlùmí tó wà ní Gíríìsì, kó máa lọ sí Tọ́kì. Àwọn tí wọ́n yọ sílẹ̀ kò pọ̀. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì tó kúrò nílé wọn ju mílíọ̀nù kan lọ, àwọn Mùsùlùmí tó bí 350,000.

Ẹ kíyè sí i pé èdè kọ́ ni wọ́n fi pín wọn, ẹ̀sìn ni. Ìyá àgbà tí kò gbọ́ èdè mìíràn ju Gíríìkì lọ ní láti lọ máa gbé ní Tọ́kì nítorí pé Mùsùlùmí ni. Láti òdìkejì, àwọn Kìrìsìtẹ́nì kan wà ní àárín gbùngbùn Tọ́kì tó jẹ́ pé Tọ́kì nìkan ni wọ́n ń sọ. Wọ́n kó àwọn náà wá sí Gíríìsì, níbi tí àwọn aládùúgbò tuntun ti ń wò wọ́n bí àjèjì. Ká ní wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún àwa Yorùbá, ilé mélòó ni kò ní fọ́ sí méjì? Àǹtí á lọ sí apá kan, ẹ̀gbọ́n á lọ sí èkejì, ọmọ á sì dúró láàárín ọ̀nà.

Àwọn Mùsùlùmí Kírétè mìíràn ti kúrò ṣáájú àkókò yẹn, ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ìjà pọ̀ lórí erékùṣù náà. Sultan Abdul Hamid fún àwọn kan nílẹ̀ ní etíkun Síríà, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ abúlé náà ní al-Hamidiyah. Títí di ìgbà tiwa yìí, àwọn onímọ̀ èdè tó lọ síbẹ̀ ṣì ń bá àwọn èèyàn tó ń sọ Gíríìkì ti Kírétè. Mùsùlùmí ni wọ́n, Lárúbáwá ni wọ́n ń sọ lójà àti nílé-ìwé, wọn kò rí Kírétè rí, èdè ìyá ìyá wọn ṣì wà lẹ́nu wọn. Kò sí ilé-ìwé ọjọ́ Sátidé tó ń kọ́ wọn. Inú ilé ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Ẹ̀yin òbí, mo mọ̀ pé ẹ ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, n kò ní sọ ọ́.

Ká má kúrò ní Heraklion láì dé ọ̀dọ̀ Minas. Ẹni mímọ́ tó ń ṣọ́ ìlú náà nìyẹn, ọmọ Íjíbítì sì ni, sọ́jà tí wọ́n pa nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀ nígbà àwọn ọba Róòmù. Ṣọ́ọ̀ṣì méjì ló ní lójúde kan náà. Kékeré ni ti àtijọ́. Èkejì ni èyí tí Mousis ya, ọ̀kan lára àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tó tóbi jù ní Gíríìsì: wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1862, ọ̀tẹ̀ dá iṣẹ́ dúró, wọn kò ṣí i títí di 1895. Ẹ kọ́kọ́ wọ kékeré. Wọ́n ń sọ pé lọ́jọ́ Àjíǹde kan ní 1826, nígbà tí àwọn kan fẹ́ ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì láti pa àwọn olùjọsìn, bàbá arúgbó kan yọ lórí ẹṣin, ó sì lé wọn ká. Minas ni, ni àwọn ará ìlú wí. Ní 1941, nígbà tí àwọn Jámánì ń ju bọ́ǹbù lu ìlú, ọ̀kan já bọ́ sára ṣọ́ọ̀ṣì ńlá náà, kò sì bú gbàmù. Wọ́n gbé e síta gbangba, àwọn ọmọkùnrin yín á fẹ́ ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nítòsí ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì Ẹni Mímọ́ Catherine, tó jẹ́ ti àwọn mọ́ńkì òkè Sínáì nígbà kan. Ilé tí wọ́n ń kó àwòrán mímọ́ sí ni báyìí. Àwọn Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì kì í gbé ère sínú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwòrán orí pákó ni tiwọn, wọ́n ń fi ẹnu kò ó, wọ́n ń tan àbẹ́là níwájú rẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n yà ju Candia lọ nígbà tí Venice ń jọba. Iṣẹ́ Michael Damaskinos wà níbẹ̀, ẹ rọra wò ó. Iṣẹ́ ọwọ́ lásán kọ́ ló jẹ́ fún wọn, òwò ńlá ni. Lọ́dún 1499, àwọn oníṣòwò méjì ní kí àwọn ayàwòrán mẹ́ta ní Candia bá wọn ya 700 àwòrán Màríà láàárín ọjọ́ 45. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ní ìlànà àwọn Kátólíìkì, igba ní ìlànà àwọn Gíríìkì. Ọwọ́ kan náà ń ya méjèèjì, ẹni tó bá ra ló ń sọ irú tó fẹ́. Láti inú iṣẹ́ yìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti jáde tó lọ sí Venice, tó sì parí ayé rẹ̀ ní Sípéènì: Domenikos Theotokopoulos. Àwọn ará Sípéènì kò lè pe orúkọ rẹ̀, ni wọ́n bá ń pè é ní El Greco, ìyẹn "Gíríìkì yẹn". Ọmọ wa tí tíṣà rẹ̀ kò lè pe Olúwáfẹ́rànmí mọ bó ṣe ń rí. Ṣùgbọ́n títí El Greco fi kú, orúkọ rẹ̀ kíkún ló ń kọ sára iṣẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú álífábẹ́ẹ̀tì Gíríìkì, nílẹ̀ àjèjì.

Bí ẹ bá ní ọkọ̀, ẹ lọ sí Kritsa ní ìlà-oòrùn. Ṣọ́ọ̀ṣì Panagia Kera wà lẹ́bàá ọ̀nà, funfun, ó kéré, ilé mẹ́ta tí wọ́n so pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ wọlé, kí ojú yín mọ́ òkùnkùn lára díẹ̀. Gbogbo ara ògiri ni àwòrán, láti ilẹ̀ dé òrùlé, ọ̀rúndún kẹtàlá àti ìkẹrìnlá ni wọ́n yà wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn yà mí lẹ́nu: Ẹni Mímọ́ Francis ti Assisi, Kátólíìkì pọ́ńbélé, nínú ṣọ́ọ̀ṣì Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì. Bí àwọn aláṣẹ ṣe ń lé bíṣọ́ọ̀bù, àwọn ará abúlé ti ń yá ẹni mímọ́ ara wọn lò. Ṣọ́ọ̀ṣì kéékèèké tó ní irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ní Kírétè ju 600 lọ. Ní ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ẹ ó ti rí ọ̀run àpáàdì, àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ inú rẹ̀ kì í sì í ṣe ọba tàbí òǹrorò. Ọlọ́lọ tó ń rẹ́ àwọn oníbàárà jẹ ni, wọ́n so ọlọ mọ́ ọn lọ́rùn. Àgbẹ̀ tó ń ro oko wọ inú ààlà aládùúgbò rẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó dàgbà sí abúlé ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ irú àgbẹ̀ yẹn.

Mo ti ń fi Arkadi sẹ́yìn, torí pé ó wúwo.

Ilé àwọn mọ́ńkì ni Arkadi, lórí òkè, bí kìlómítà 23 sí ìlú Rethymno. Ògiri gíga yí i ká bí odi. Ṣọ́ọ̀ṣì tó wà láàárín rẹ̀ lẹ́wà púpọ̀. Ọdún 1587 ni wọ́n kọ sí iwájú rẹ̀. Ní 1866, àwọn Kìrìsìtẹ́nì Kírétè dìde sí ìjọba Ótómánì, Arkadi sì di ọ̀kan lára ibùdó wọn. Mustafa Pasha ránṣẹ́ sí Gabriel Marinakis, olórí àwọn mọ́ńkì, pé kó lé àwọn ọlọ̀tẹ̀ jáde. Ó kọ̀. Bí ogun ṣe ń súnmọ́, àwọn ìdílé láti abúlé agbègbè sá wọ inú ògiri náà. Nǹkan bí 960 èèyàn ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n dó tì í ní oṣù kọkànlá. Àwọn tó lè jà kò tó 300. Àwọn yòókù, obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun ló wà níta pẹ̀lú àgbá. Àwọn Mùsùlùmí Kírétè wà lára wọn, àwọn sọ́jà Íjíbítì náà wà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, àgbá fọ́ ilẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà nínú ilé ti rọ́ wọ yàrá tí wọ́n ń kó ẹ̀tù sí. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun kóra jọ sẹ́nu ọ̀nà, ẹnìkan yìnbọn sínú àgbá ẹ̀tù. Konstantinos Giaboudakis ni ọ̀pọ̀ ń dárúkọ. Gbogbo rẹ̀ gbiná. Àwọn ará Arkadi tó kú nínú ìjà àti nínú iná náà ju 800 lọ, àwọn tí wọ́n mú láàyè lé díẹ̀ ní 100. Àwọn tó wà níta náà kú lọ́pọ̀lọpọ̀. Ìròyìn náà dé gbogbo Yúróòpù, Victor Hugo tó jẹ́ òǹkọ̀wé ọmọ Faransé kọ lẹ́tà nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìjọba tó wá gbà wọ́n. Lọ́dún 1898 ni Kírétè tó ní ìjọba tirẹ̀, ní 1913 ló sì darapọ̀ mọ́ Gíríìsì.

Yàrá ẹ̀tù náà ṣì wà. Kò lórùlé. Koríko hù níbi tí ilẹ̀ rẹ̀ wà, ojú ọ̀run lẹ ó rí bí ẹ bá gbójú sókè. Níta ògiri, wọ́n to agbárí àwọn tó kú sínú àpótí onígíláàsì. Ẹ̀yin òbí ni kí ẹ pinnu bóyá ọmọ yín ti tó rí i.

Ohun tí àwọn ará Kírétè ń sọ ni pé òmìnira tàbí ikú. Àwa náà ní irú rẹ̀: ikú yá ju ẹ̀sín. Bí mo ṣe ń kọ èyí, mo bi ara mi pé, ta ló bi àwọn ọmọdé inú yàrá yẹn léèrè? Àgbà lè yan ikú fún ara rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò yan nǹkan kan. Àwọn kan á dáhùn pé a kò mọ ohun tí ojú wọn ì bá rí lọ́wọ́ àwọn tó wà níta, pé oko ẹrú ni ì bá gbẹ̀yìn rẹ̀, àwa tí a mọ ohun tí oko ẹrú túmọ̀ sí kò sì lè fi ọwọ́ rọ́ èsì yẹn sẹ́yìn. Síbẹ̀ n kò lè fi ayọ̀ sọ ìtàn náà bí àwọn ìwé kan ṣe ń sọ ọ́. Bí ọmọ yín bá bi yín, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, kí ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé àgbà náà kò ní ìdáhùn.

Ohun mìíràn tún wà tí wọ́n á sọ fún yín ní onírúurú ilé mọ́ńkì ilẹ̀ Gíríìsì: pé nígbà àwọn Tọ́kì, òru ni àwọn ọmọ ń yọ́ wá síbẹ̀ láti kọ́ èdè Gíríìkì, nítorí ìjọba ti fòfin dè é. Nikolaos Gyzis ya àwòrán rẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àlùfáà àgbà kan láàárín àwọn ọmọ, fìtílà kan ṣoṣo. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ lédè ní ìlú àjèjì kò lè rí i kí inú rẹ̀ má dùn. Ṣùgbọ́n àwọn òpìtàn tó wádìí ọ̀rọ̀ náà kò rí òfin kankan tó de ilé-ìwé Gíríìkì bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ló wà lójú gbangba. Ó dùn mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò yẹ ká fi irọ́ tó dára kọ́ ọmọ.

Àwọn tó kù, ẹ dé ibẹ̀ bí àyè bá wà. Toplou ní ìlà-oòrùn, tí àwọn Tọ́kì fún lórúkọ nítorí àgbá tó wà níbẹ̀, ní àwòrán kan tí Ioannis Kornaros yà ní 1770. Ìran 61 ló wà nínú àwòrán kan ṣoṣo, ẹ ní kí àwọn ọmọ wá ọkọ̀ Nóà. Preveli ní gúúsù ni àwọn mọ́ńkì ti fi àwọn sọ́jà Gẹ̀ẹ́sì, Ọsirélíà àti New Zealand pamọ́ lọ́wọ́ àwọn Jámánì ní 1941, títí ọkọ̀ abẹ́ omi fi wá gbé wọn lóru.

Nípa ìwọṣọ: ẹ bo èjìká àti orúnkún, ọkùnrin pẹ̀lú obìnrin. Ìró àti ìborùn kan nínú báàgì tó. Ẹ̀yin ará Sẹ̀lẹ́, ẹ má bọ́ bàtà, wọn kì í bọ́ ọ níbẹ̀. Tùràrí á ta sí yín nímú bíi tilé. Kò sí dùùrù, kò sí ìlù, ohùn ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń kọrin. Bí ìsìn bá ń lọ, ẹ má ya fọ́tò. Ẹ ju owó kékeré sínú àpótí, ẹ mú àbẹ́là, ẹ tàn án; ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò bá gbà á láàyè lè dúró jẹ́ẹ́, kò sẹ́ni tó máa bi í.

Bí ó bá jẹ́ Chania lẹ ti máa wọ bàálù padà, ẹ yà sí gbàgede Splantzia ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn. Igi ńlá kan wà níbẹ̀, àga àti tábìlì wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì Ẹni Mímọ́ Nicholas ló kọjú sí yín. Àwọn mọ́ńkì Kátólíìkì ló kọ́ ọ nígbà Venice, àwọn Ótómánì fi ṣe mọ́ṣáláṣí, àwọn Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ló ni ín báyìí. Ní igun kan, ilé gogoro tí agogo wà nínú rẹ̀. Ní igun kejì, ilé gogoro ládàánì, onípele méjì, wọn kò wó o. Ẹ ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún àwọn ọmọ, kí wọ́n fi pẹ́ńsù ya méjèèjì sínú ìwé kan náà, kí wọ́n sì mú un wá sí kíláàsì ní ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ tí a bá wọlé. A máa lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri.